Ìwé Tí Kóòṣì Ń Wá

Ìyàwó mi kì í ṣe ojo. Mo ti rí i tó fi fèrè lásán lé ajá méjì kúrò lórí pápá, mo sì ti rí i tó dúró níwájú rẹfirí kan tó ga ju ilẹ̀kùn lọ, ó sì ní kí rẹfirí náà lọ ra awò ojú. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn obìnrin àdúgbò wa, àwọn ọmọbìnrin tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ti bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Kóòṣì ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé, pàápàá tí mo bá fẹ́ kó bá mi gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí aṣọ oníbàárà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá a ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, tí tíì ọwọ́ rẹ̀ ti tutù láìfẹnu kàn án, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti gbá ìdíje kejì tó kángun sí àṣekágbá lánàá," ó ní. "Ẹgbẹ́ Oníbọ̀wọ́ ló borí. Àwọn la máa bá gbá àṣekágbá ní Sátidé."

Mo gbé àlùmọ́gàjí mi sílẹ̀, mo sì jókòó tì í.

Oníbọ̀wọ́ yìí, òun àti Kóòṣì ni wọ́n jọ kọ́ ẹgbẹ́ wa fún ọdún mẹ́sàn-án. Aṣọ́lé ni nígbà èwe rẹ̀, ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń wọ̀ ọ́ jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbí, á fi mu tíì, á fi ṣí ìwé ìròyìn, màá sì máa sọ fún un pé ọjọ́ tó bá fi gbá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ń gé aṣọ ni n ó lé e jáde. Ó fi ọdún mẹ́fà ju Kóòṣì lọ. Ẹ̀gbọ́n ni Kóòṣì ń pè é, àbúrò mi lòun náà ń pè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni kíkọ́ aṣọ́lé àti pẹnáritì. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbá pẹnáritì márùn-ún, òun á ya gólì sínú ìwé ìkọ̀wé kan tó nípọn, á sì fi àmì tín-ín-rín sí ibi tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan gbà wọlé. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ṣí ti Onídìrí, balógun ẹgbẹ́ náà tó ń dirun ní ìkóríta, ẹ ó rí i pé gbogbo àmì rẹ̀ ló ṣù jọ sí igun òsì nísàlẹ̀, bí èèrà tó rí ṣúgà.

Nígbà tó di ọdún méjì sẹ́yìn, ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ ń kọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ìdí tó fi lọ ni kò jẹ́ kí tíì Kóòṣì ṣeé mu ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìdíje tó kángun sí àṣekágbá la gbá lọ́dún náà, ó sì já sí pẹnáritì. Ó ku ẹyọ kan. Oníbọ̀wọ́ ti wo ọmọ ẹgbẹ́ kejì tó fẹ́ gbá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ti ṣàmì fún aṣọ́lé wa pé kó fò sí òsì. Bí ọmọ yẹn ṣe ń sáré bọ̀ báyìí ni àyà Kóòṣì já, ló bá figbe ta láti ẹ̀gbẹ́ pápá: "Ọ̀tún!" Ohùn Kóòṣì kì í ṣe ohùn téèyàn ń gbọ́ tí kò ní ṣe bó ṣe wí. Aṣọ́lé fò sí ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù gba òsì wọlé.

Ní ìpàdé ọjọ́ kejì, Alága ẹgbẹ́, ọkùnrin kan tó ń ta páànù ìkọ́lé, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú páànù ló wà, béèrè pé, "Iṣẹ́ ta ni pẹnáritì?" Oníbọ̀wọ́ wo Kóòṣì. Kóòṣì wo bàtà rẹ̀. Oníbọ̀wọ́ ní, "Èmi ni." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti ní kó máa lọ. Ojú ọ̀nà ilé ni Kóòṣì ti sọ òótọ́ fún mi, kò sì sẹ́ni tó tún sọ ọ́ fún. Mo bá a wí gan-an. Mo ní kó lọ bá Alága. Ó ní òun á lọ lọ́la, ọ̀la yẹn sì ti pé ọdún méjì.

Ẹ ti rí i báyìí pé kì í ṣe ife ẹ̀yẹ nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó dá ìyàwó mi lójú pé ọkùnrin yẹn á fi ohun tó mọ̀ nípa àwọn ọmọ wa nà wá lójú gbogbo èèyàn. Èyí tó tún bà á nínú jẹ́ jù ni pé ó gbà pé ó tọ́ sí òun.

"Ìwé yẹn ńkọ́?" ó bi mí. "Ìwé pẹnáritì."

A tú ilé. A wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a tú àpótí aṣọ, a da àpò bàtà àtijọ́ sílẹ̀, òórùn tó jáde níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sí ìta. Kò sí. Ó tún ní ká wo ṣọ́ọ̀bù mi. Inú bí mi. Èmi kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ìwé bọ́ọ̀lù kankan ò wọ ṣọ́ọ̀bù yìí rí," mo ní. "Tó bá wà níbí, màá jẹ gbogbo abẹ́rẹ́ mi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Kóòṣì dúró sáàárín yàrá, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Ó ti gbé e lọ nìyẹn, Télọ̀. Gbogbo àwọn ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, ó pe Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà ni igbá-kejì rẹ̀, ó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Kóòṣì ní òun ti rí ọ̀nà àbáyọ: kí gbogbo ọmọ yí ibi tó ń gbá pẹnáritì sí padà. Ẹni tó ń gbá a sí òsì, kó máa gbá a sí ọ̀tún. Ẹni tó ń gbá a sókè, kó máa gbá a nílẹ̀.

"Ọjọ́ márùn-ún la ní, mà," Tíṣà dáhùn.

"Ó tó."

"Onídìrí ti ń gbá tiẹ̀ sí òsì láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í ṣe aago tá a lè yí lọ́wọ́ báyìí."

"Ṣé kí n wá jókòó, kí n máa wò ó bó ṣe ń kó àwọn ọmọ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

Tíṣà wò mí pé kí n dá sí i. Mo ki orí bọ aṣọ tí mo ń rán. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ìjà bọ́ọ̀lù wọnú ilé mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí pápá láti wọn àwọn ọmọ fún jẹ́sì tuntun. Onídìrí gbá pẹnáritì sí ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù náà fo odi, ó bọ́ sórí òrùlé mẹkáníìkì, a sì gbọ́ bí mẹkáníìkì ṣe ń béèrè ẹni tó bí wa. "Lẹ́ẹ̀kan sí i!" ni Kóòṣì ń sọ. Ó tún gbá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ilẹ̀, ó ṣubú. "Lẹ́ẹ̀kan sí i!" Aṣọ́lé wa, ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì tí wọ́n sì ń pè ní Búrẹ́dì, wá dúró tì mí bí mo ṣe ń fi okùn wọn èjìká rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá wa bẹ Kóòṣì," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Àwọn ọmọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a mọ́. Ti àtijọ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, tuntun ò sì wọlé."

Mo dé ilé, mo sọ ọ́. Kóòṣì kàn ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, ó fọ fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé ẹ̀gbin wà nínú rẹ̀. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, tíì á máa dà sórí àwo. Tí mo bá ní kó jẹun, á ní òun ti jẹ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo se oúnjẹ náà tí mo sì ń wò ó nínú ìkòkò. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ràn mí. Mo rán nọ́ńbà mẹ́fà sódì, ó di mẹ́sàn-án, ẹgbẹ́ wa wá ní mẹ́sàn-án méjì.

Ìgbà tí mo ń tú nọ́ńbà yẹn, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ni abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wọ abẹ́ maṣíìnì lọ láti wá a. Mo ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri títí mo fi dé ìdí ẹsẹ̀ maṣíìnì tó wà lápá òsì, èyí tó kúrú ju àwọn yòókù lọ. Mo ti fi nǹkan tì í lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kó má bàa máa mì. Ìwé ìkọ̀wé tó nípọn ni. Etí rẹ̀ ti ṣá, eruku ti bò ó, mo sì rí ìkọ̀wé Oníbọ̀wọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ tí Oníbọ̀wọ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló wá, Kóòṣì ò sí nílé. Obìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù nínú aṣọ tí mi ò tíì rán tán, ó ń pariwo lé mi lórí pé ó fún òun níbàdí. Oníbọ̀wọ́ na ìwé náà sí mi, ó ní, "Télọ̀, ẹ bá mi fi fún àbúrò mi. Tiwọn ni." Mo ní kó gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo sún maṣíìnì sẹ́bàá fèrèsé, tó sì ń mì, mo wá nǹkan tó nípọn fi tì í lẹ́sẹ̀.

Ó yẹ kí n dìde nílẹ̀ níbẹ̀, kí n sáré lọ sí pápá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mi ò dìde. Mo rántí bí mo ṣe fi gbogbo abẹ́rẹ́ mi búra. Mo rántí ìwàásù tí mo ti ń ṣe fún obìnrin yìí fún ọdún méjì pé kó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ohun tó yí padà, pé bí ìwé bá wà níbí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà lórí ọkùnrin yẹn, pé lẹ́yìn àṣekágbá ni n ó sọ ọ́ tí a ó sì jọ fi rẹ́rìn-ín. Mo ti ìwé náà padà sábẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì. Látìgbà náà, èmi náà ò lè jẹun mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Èrò kún pápá. Oníbọ̀wọ́ gba àárín pápá kọjá wá kí wa, mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kò wọ ìbọ̀wọ́. Kóòṣì rí i tó ń bọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Bàtà tó wọ̀ ò ní okùn. Ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó kí mi, ó kí Tíṣà, ó padà.

Ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n gbá a sí. Rẹfirí fọn fèrè, ó nawọ́ sí ojú pẹnáritì, mo sì rí bí ojú ìyàwó mi ṣe yí padà. "Mo mọ̀," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Mo mọ̀, mo mọ̀."

Àwa la kọ́kọ́ gbá. Ọmọ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì gbá tirẹ̀ sí ibi tuntun tí wọ́n kọ́ ọ, ó gba orí òpó kọjá. Tiwọn wọlé. Ẹnìkejì wa gbá a sí ọ̀tún, ó rọ̀, ó ń yí lọ nílẹ̀, aṣọ́lé wọn sì tẹ̀ síwájú, ó gbé e. Tiwọn tún wọlé. Òfo sí méjì.

Aṣọ́lé wọn ni mo ń wò. Àárín gólì ló dúró sí lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò mira títí ẹsẹ̀ fi kan bọ́ọ̀lù, ó ń wò bọ̀ọ̀ bí ẹni tí wọn ò sọ nǹkan kan fún. Mo wá Oníbọ̀wọ́. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó kẹ̀yìn sí gólì pátápátá, ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, ó ń wo ògiri.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ Kóòṣì.

"Ìwé yẹn wà nílé," mo ní. "Abẹ́ maṣíìnì mi ló wà. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá lọ́dún yẹn pé kí n fi fún ẹ. Mo ti rí i láti Ọjọ́rú. Jọ̀ọ́, má wò mí báyìí. Wo òun."

Ó kọ́kọ́ wò mí. Mi ò ní gbàgbé ojú yẹn. Lẹ́yìn náà ó wo Oníbọ̀wọ́ níbi tó kẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó wò ó pẹ́, ó sì sáré bá àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù.

"Ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí," ó ní. "Ẹ gbá a bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n gbá."

Ẹnìkẹta wa gbá a, ó wọlé. Búrẹ́dì mú tiwọn. Ẹnìkẹrin wa wọlé, tiwọn náà wọlé. Onídìrí gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó wo Kóòṣì lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbá a sí igun òsì nísàlẹ̀, níbi tí àmì rẹ̀ máa ń wà. Mẹ́ta sí mẹ́ta. Ó ku ẹyọ kan fún wọn.

Bí ọmọ yẹn ṣe ń sáré bọ̀, mo rí ẹnu Kóòṣì tó là. Mo mọ ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀, ó sì dì í mú. Búrẹ́dì fi ọgbọ́n ara rẹ̀ fò sí òsì, ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kan òpó, ó sì wọlé. Ọ̀dọ̀ wọn ni ife lọ.

Àwọn ọmọ wa jókòó sílẹ̀ wọ́n ń sunkún. Oníbọ̀wọ́ ò dúró bá àwọn tirẹ̀ jó, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Kóòṣì ò wá okùn bàtà so mọ́.

"Àbúrò mi," ó ní, "kí ló dé tí àwọn ọmọ wa ń gbá a síbi tí wọn kì í gbá a sí?"

Àwọn ọmọ wa, ló wí. Omi bọ́ lójú Kóòṣì.

"Ẹ̀yin ni mo bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé ẹ ti sọ fún aṣọ́lé yín."

"Kí n sọ kí ni? Mo ṣáà dá ìwé yín padà." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Kí ọwọ́ mi má bàa ṣàmì fún un láìmọ̀ ni mo ṣe kẹ̀yìn sí yín. Ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn ọmọ yẹn, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣé Télọ̀ ò fún yín ní ìwé ni?"

Gbogbo wọn wò mí. Ká ní ilẹ̀ pápá yẹn lè là, mi ò bá wọ ibẹ̀ lọ.

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Alága ti dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Pẹnáritì méjì ló ṣòfò báyìí! Iṣẹ́ ta ni?"

Kóòṣì ò wo bàtà rẹ̀. Ó wo ojú Alága. "Èmi ni, sà. Ti ọdún méjì sẹ́yìn náà, èmi ni. Ẹ̀gbọ́n ní kí aṣọ́lé lọ sí òsì, èmi ni mo pariwo ọ̀tún. Ẹ lé wọn, mo sì jókòó níbẹ̀ mo dákẹ́."

Oníbọ̀wọ́ ló wá ń wo bàtà lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kan Kóòṣì léjìká, ó sì padà lọ bá àwọn tirẹ̀.

Alága ò tíì ránṣẹ́ sí wa títí di ìsinsìnyí. A ò mọ̀ bóyá Kóòṣì ṣì ní ẹgbẹ́ tí yóò kọ́ tàbí kò ní mọ́, tí ẹnikẹ́ni bá sì kan ilẹ̀kùn, àyà àwa méjèèjì ló ń já.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀, ó yọ ìwé náà lábẹ́ maṣíìnì, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó ní òun máa gbé e lọ fún Oníbọ̀wọ́ fúnra òun, kí wọ́n jọ fi àmì ti àná sí i, ìyẹn tó bá ṣílẹ̀kùn fún òun. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo oúnjẹ àárọ̀ mi wá. Kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Páálí abẹ́rẹ́ mi ló wà níbẹ̀, ó ti ṣí i sílẹ̀ fún mi.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ gan-an, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ àwàdà. Ó fa àga kan, ó jókòó tì mí níbi tí maṣíìnì ti ń mì jẹgẹjẹgẹ, ó sì mu tíì rẹ̀ tán kó tó tutù.